Ajílẹ̀ wo ni kí a fi tún ilẹ̀ oníyangí ṣe ní ẹ̀yìnkùlé?

Ará Àdátán béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dáko àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Àdátán ni ilé wa wà, lórí ilẹ̀ tí òkúta kò jìnnà sí ojú rẹ̀, bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta yìí. Àyè tí mo fẹ́ lò gùn ní nǹkan bíi mítà 8, ó sì fẹ̀ ní mítà 5. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, wọ́n da yangí kún un kí ó lè tẹ́jú, wọ́n po kọnkéré ní igun kan rẹ̀, èérún òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró sójú ilẹ̀; bí oòrùn bá sì pa á fún ọjọ́ mélòó kan, á le débi pé ọkọ́ kò ní fẹ́ wọ̀ ọ́. Ewédú tí mo gbìn síbẹ̀ ní èṣí pọ́n lójú ewé, kò sì ga ju ọ̀rúnkún lọ.

Ní báyìí tí òjò kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, ewédú, ilá àti ata rodo. Ìmọ̀ràn tí mo ti gbà kò bára mu rárá. Aládùúgbò wa kan ní kí n lọ ra ìgbẹ́ adìyẹ ní àpò, pé kò sí ohun tí ó tó o. Ẹnìkan tí ń ta ilẹ̀dú lẹ́bàá títì ní ilẹ̀dú òun ti tó láìfi ohunkóhun kún un, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò nínú àpò tí ó ṣí hàn mí. Ẹni tí ń ta oògùn oko ní fatiláísà 15-15-15 ni kí n rà, pé ìdọ̀tí lásán ni gbogbo ìyókù. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn sọ pé eérú àrò ni àwọn fi ń gbin ẹ̀fọ́ láti kékeré.

Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n fi ṣe ìpìlẹ̀, èwo ni mo lè fi kún un, báwo ni mo ṣe lè dá èyí tí ó dára mọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó?

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá fèsì:

Ẹ kú ìmúra oko. Kí a tó dé orí ohun tí ẹ máa rà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ilẹ̀ yín, nítorí pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń kó pọ̀ nígbà tí a bá ń pe nǹkan ní ajílẹ̀. Àwọn kan ń bọ́ irúgbìn. Ìgbẹ́ adìyẹ àti fatiláísà wà lára wọn. Àwọn mìíràn ń tún ara ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, kí omi lè rí ọ̀nà wọlé, kí gbòǹgbò lè ráyè rìn, kí ilẹ̀ sì lè di omi mú nígbà tí òjò bá dá. Èyí ni iṣẹ́ kọ́ḿpọ́sìtì (ìgbẹ́, ewé àti ìdọ̀tí tí a kó jọ títí wọ́n fi jẹrà) tí ó ti jiná àti ewé jíjẹrà. Omi tí ó ń dúró àti ilẹ̀ tí ó ń le tí ẹ ṣàpèjúwe, ara ilẹ̀ ni àìsàn náà wà. Bí ẹ bá da odindi àpò fatiláísà sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgbàrá ni yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí gọ́tà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní láìná kọ́bọ̀. Ẹ wa ilẹ̀ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ dà á sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò títí yóò fi dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà. Ẹ bu omi kún un, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ bíńtín sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ wá gbé e sí ibi tí ọmọdé kò ti ní fọwọ́ kàn án. Iyanrìn á rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Èyí tí ó kúnná ju iyanrìn lọ á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ ni ó máa ń pẹ́ jù. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí omi náà tó mọ́. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ṣe nípọn tó ni yóò sọ fún yín bóyá iyanrìn ni ó pọ̀ jù tàbí amọ̀. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ ni, ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó bá ní kí ẹ po iyanrìn mọ́ ọn, nítorí pé iyanrìn díẹ̀ nínú amọ̀ púpọ̀ á dì bíi bíríkì ni. Kọ́ḿpọ́sìtì ni oògùn amọ̀, òun náà sì ni oògùn iyanrìn: nínú amọ̀, ó máa ń so àwọn èérún kéékèèké pọ̀ di kóró-kóró tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, nínú iyanrìn, ó máa ń mu omi àti oúnjẹ irúgbìn sára kí òjò Òkúdù má baà fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀.

Nípa igun tí wọ́n ti po kọnkéré, ẹ fọ́ èyí tí ó bá dì níbẹ̀, kí ẹ kó o kúrò pátápátá. Ṣìmẹ́ńtì máa ń mú kí ilẹ̀ pàdánù ìkan rẹ̀ (bí ó ṣe kan tó) débi pé irúgbìn kò ní lè fa áyọ́ọ̀nù (èròjà irin) inú ilẹ̀ mọ́ra, bí áyọ́ọ̀nù náà tilẹ̀ pọ̀. Ẹ máa dá a mọ̀ bí ewé tuntun bá pọ́n tí iṣan ewé sì wà ní tútù. Bí ó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ tí ó ti dàgbà ni ó kọ́kọ́ pọ́n, tí gbogbo ojú rẹ̀ sì pọ́n, àìtó náítírójìn (oúnjẹ irúgbìn tí ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀) ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kò sọ èwo nínú méjèèjì ni ewédú yín ṣe, ó sì ṣe pàtàkì.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ebè pẹrẹsẹ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì gùn ní mítà 7, kí ẹ fi ọ̀nà ẹsẹ̀ sáàárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ orí ebè láé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 21 níbùú-lóròó. Bí ẹ bá tẹ́ kọ́ḿpọ́sìtì tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sórí rẹ̀, tí ẹ sì ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ohun tí ẹ nílò fi díẹ̀ ju kúbíìkì mítà kan lọ, èyí tí í ṣe bárò 17 tàbí 18 bí bárò náà bá ń gba lítà 60. Ní ọdún kejì, ìdajì rẹ̀ ti tó.

Bí ẹ bá ń ra kọ́ḿpọ́sìtì, ojú àpò kọ́ ni kí ẹ kà, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Èyí tí ó ti jiná kì í gbóná, kì í ta nímú, òórùn rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí, ẹ kò sì ní lè tọ́ka sí ewé tàbí èèpo inú rẹ̀ mọ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ wọ́n omi sí i kí ó lè tutù, ẹ so ó pinpin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u tí òórùn kíkan tàbí òórùn ìgbẹ́ bá jáde sí yín, kò tíì jiná.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ fèsì:

Ọmọ mi, mo kí ìyá ọkọ rẹ. Ohun tí Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá sọ dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọn yóò ti rí bárò 17 kọ́ḿpọ́sìtì rà ní ìlú yìí ni kò yé mi, èyí tí o bá sì rí lè gbówó lórí ju ẹ̀fọ́ tí o fẹ́ gbìn lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ ni àwa tí ń gbin ẹ̀fọ́ tà ń lò, nítorí pé oko adìyẹ pọ̀ yí wa ká. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ó jó ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn ni pé wọn kì í béèrè irú èyí tí wọ́n ń rà fún wọn.

Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tí ó ń já bọ́ sábẹ́ àgò adìyẹ tí ń yé ẹyin. Ìgbẹ́ pọ́ńbélé ni. Ó máa ń tutù, ó wúwo, ó máa ń ta ènìyàn lójú, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n kó jáde ní ilé adìyẹ tí wọ́n tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó sí nílẹ̀. Ìyẹn gbẹ, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n bí lẹ́búlẹ́bú pákó bá ti pọ̀ ju ìgbẹ́ inú rẹ̀ lọ, owó pákó ni o san. Bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí o wò ó dáadáa kí o tó sanwó. Bí pákó inú rẹ̀ bá ṣì funfun bí ìgbà tí wọ́n là á, àwọn adìyẹ náà kò tíì pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí ó ti dúdú, tí ó ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí o bá fi ìka rún un, ni kí o gbà.

Èyíkéyìí tí o bá rà, má ṣe gbé e láti inú àpò lọ sórí ebè. Kó o jọ sábẹ́ igi tàbí sábẹ́ ìbòòji, kí o fi ìdì koríko gbígbẹ àti ewé gbígbẹ sáàárín rẹ̀ ní ìpele-ìpele: bí o bá da agbọ̀n ìgbẹ́ kan, da agbọ̀n ewé gbígbẹ méjì sí mẹ́ta lé e. Wọ́n omi sí i. Bí o bá bu ún ní ìkúnwọ́ tí o fún un, ó yẹ kí omi kán tó tó ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò gbọdọ̀ máa ṣàn. Fi tapólì àtijọ́ bò ó kí òjò má baà fọ agbára rẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ á gbóná débi pé o kò ní lè fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ni a ń fẹ́. Máa yí i ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí èyí tí ó wà lóde lè bọ́ sínú. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí òjò bá fi máa fẹsẹ̀ múlẹ̀, á ti tutù, òórùn rẹ̀ á sì ti lọ.

Bí o bá ní ẹni tí ó lè bá ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màálù ní Láfẹ́ńwá, béèrè ohun tí wọ́n tú jáde nínú àpòlúkù màálù. Koríko tí ikùn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ lé lórí ni, ó sì máa ń tètè mú kí òkìtì gbóná. Ṣùgbọ́n èso koríko inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà inú òkìtì tí ó gbóná ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe orí ebè.

Ti eérú tí ìyá ọkọ rẹ sọ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Eérú igi dára fún ilá àti ata, ó sì ń dín ìkan ilẹ̀ kù. Ohun mẹ́ta ni kí o ṣọ́ra fún. Má ṣe da eérú sórí ìgbẹ́ adìyẹ tútù láé. Òórùn tí yóò gbá ọ nímú nígbà náà, agbára ìgbẹ́ náà ni ó ń lọ sójú ọ̀run. Má ṣe jẹ́ kí ó ju ìkúnwọ́ méjì lọ fún mítà kan níbùú-lóròó lọ́dún, má sì da òmíràn sí igun tí ṣìmẹ́ńtì ti kàn. Èkẹta, eérú igi nìkan ni kí o lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n sun ọ̀rá tàbí pákó ọlọ́dà mọ́, kì í sì í ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìkòkò aláró. Mo rí àwọn tí ń bu ti àwọn aláró Ìtòkú lọ sóko nítorí pé wọ́n gbọ́ pé eérú ni àwọn ìyá wa fi ń re aró. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń rò. Kọ́sítíìkì sódà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ aró òde òní, ilẹ̀ tí a bá dà á sí kò ní gbàgbé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, mo tọrọ gáfárà láti fi díẹ̀ kún un. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òkìtì tí màmá sọ, pàápàá nítorí ìlera. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í pẹ́ tí a fi ń ká wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni, ilẹ̀ sì máa ń ta sí wọn lára nígbà òjò. Nínú òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlókẹ́míkà ti Amẹ́ríkà, bí ẹnìkan bá da ìgbẹ́ ẹran tí kò jiná sóko, ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó ká ohun jíjẹ tí ara rẹ̀ kan ilẹ̀, tàbí ọjọ́ 90 fún èyí tí kò kan ilẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Kò sí tẹ̀tẹ̀ tí yóò dúró de ọjọ́ 120. Ohun tí ó ń pa àwọn kòkòrò náà ni ooru inú òkìtì tí ó bá dé ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ooru náà ni ó ń pa èso koríko pẹ̀lú. Ìdí tí a fi ń yí òkìtì nìyẹn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í gbóná tó àárín.

Ewé gbígbẹ tí màmá ní kí ẹ fi sí i ní ìṣirò tirẹ̀. Àwọn ohun aláìfojúrí tí ń jẹ ìdọ̀tí nílò nǹkan bí ìlọ́po 25 sí 30 kábọ́ọ̀nù fún náítírójìn kan. Ìgbẹ́ adìyẹ pọ́ńbélé kò ní ju bíi ìlọ́po 10 lọ, ìdí nìyẹn tí náítírójìn rẹ̀ fi ń sá lọ gẹ́gẹ́ bí amóníà, afẹ́fẹ́ tí ń ta nímú. Ewé gbígbẹ àti koríko gbígbẹ ní tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òkìtì yín bá ń rùn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bí kò bá gbóná, tí kò sì gbẹ, ìgbẹ́ tàbí ewé tútù ni ó kù tí ẹ máa fi sí i. Ewé àgúnmániyè tàbí ewé Akíntọ́lá tí kò tíì so òdòdó dára fún èyí.

Ibi tí èmi kò ti fara mọ́ yín tán ni ọ̀rọ̀ fatiláísà. Kì í ṣe májèlé. Nínú àpò 15-15-15 tí ó wọn kílógíráàmù 50, kílógíráàmù 7.5 ni náítírójìn, ìwọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ti pòtásíọ̀mù tí wọ́n kọ sí i sì jẹ́ iye kan náà; ìyókù jẹ́ ohun tí wọ́n fi gbé e. Ohun tí ó burú ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan tí yóò dì í mú. Bí ebè bá ti gba kọ́ḿpọ́sìtì, tí ilá bá wá pọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, gíráàmù 20 fún mítà kan níbùú-lóròó, tí a wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tí a sì fi ilẹ̀ bò, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jiná, kílógíráàmù 1 fún mítà kan níbùú-lóròó jẹ́ tọ́ọ̀nù 10 fún hẹ́kítà, èyí tí ó wà nínú ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí sábà máa ń dá lábàá fún ẹ̀fọ́ nílẹ̀ wa. Fún ebè yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kílógíráàmù 21 ni, kò tó àpò kan. Nítorí náà, ìbẹ̀rù owó tí màmá ń bẹ̀rù lè dínkù: ẹ lo ìgbẹ́ jíjiná gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, kí ẹ sì fi ewé jíjẹrà tí kò náni lówó ṣe èyí tí yóò nípọn.

Ohun kan wà nínú yangí tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìpọ́n rẹ̀ ti ara áyọ́ọ̀nù wá, áyọ́ọ̀nù náà sì máa ń gbá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú tí kì í fi í sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Ajílẹ̀ jíjẹrà ń dín ìdìmú yẹn kù. Ẹ má sì ra ẹfun ilẹ̀ kankan sí i láìyẹ ilẹ̀ wò. Òótọ́ ni pé òkúta ẹfun wà nítòsí wa ní Ẹwẹ́kọrò, tí ó sì rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ṣìmẹ́ńtì ti kàn lè ti kọjá pH 7 (pH ni òṣùwọ̀n ìkan ilẹ̀; bí ó bá ṣe ga tó ni ìkan ṣe dínkù tó) kí ẹ tó dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ràn láàárín 6 sí 7. Ẹ bu ilẹ̀ ní ibi mẹ́wàá káàkiri ebè, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a síbòòji títí yóò fi gbẹ, kí ẹ gbé ìwọ̀n ìdajì kílógíráàmù lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta), Alábàtà, láti béèrè bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò àti iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ bu ti igun kọnkéré sọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ ìyókù.

Ará Àdátán tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ewé tuntun orí ewédú náà ni ó kọ́kọ́ pọ́n, ibi tí ó sì ti pọ́n jù ni ẹ̀gbẹ́ igun kọnkéré, nítorí náà mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó kù. Ọkọ mi ti ra àpò ilẹ̀dú díẹ̀ sílé, ṣé kí a dà á nù ni? Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé lápá Ọfadà ní òun lè fi èèpo ìrẹsì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ibi ìlagi tí kò jìnnà sí wa náà sì ń da lẹ́búlẹ́bú pákó nù. Ṣé wọ́n wúlò? Àti pé kí ni ẹ rí sọ sí ajílẹ̀ olómi inú ìgò tí wọ́n ń polówó rẹ̀?

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá fèsì:

Ẹ gba èèpo ìrẹsì náà tọwọ́tẹsẹ̀. Kò ní oúnjẹ púpọ̀ nínú, kì í sì í tètè jẹrà nítorí ohun líle bí iyanrìn tí ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àìtètèjẹrà yẹn gan-an ni ó mú kí ó wúlò fún ilẹ̀ tí ń dì, nítorí pé á máa la ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èyí tí ó ti pẹ́ lórí òkìtì lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí òjò ti pa tí ó sì ti dúdú, ni kí ẹ̀gbọ́n yín kó. Ẹ pò ó mọ́ òkìtì ìgbẹ́ adìyẹ dípò apá kan ewé gbígbẹ. Bí ẹ bá lè sun díẹ̀ nínú rẹ̀ di èédú, kì í ṣe eérú, kí ẹ pa iná rẹ̀ nígbà tí ó ṣì dúdú, kí ẹ dà á sínú òkìtì náà kí ó mu oúnjẹ sára kí ó tó dé ebè, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́búlẹ́bú pákó yàtọ̀. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po 300 sí 500 náítírójìn rẹ̀. Bí ẹ bá ro ó mọ́ ilẹ̀ ní tútù, àwọn ohun tí yóò jẹ ẹ́ á kó náítírójìn ilẹ̀ yín tì í, ẹ̀fọ́ á sì pọ́n fún odindi àsìkò kan. Ikán náà á wá bá a. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó wà láàárín ebè ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí koríko má baà hù níbẹ̀.

Ilẹ̀dú tí ọ̀rá àti ìgò wà nínú rẹ̀, ààtàn ni wọ́n ti wà á, ohunkóhun tí ẹni tí ń tà á bá sọ. Dúdú rẹ̀ kì í ṣe irọ́, irúgbìn sì máa ń dàgbà dáadáa nínú rẹ̀, ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Bátìrì, ọ̀dà àti pánù wà lára ohun tí ó jẹrà síbẹ̀. Òjé àti àwọn irin olóró bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà, ooru òkìtì kò lè pa wọ́n, a kò sì lè fi omi fọ̀ wọ́n kúrò nínú ewé tí ó ti fà wọ́n mu. Àwọn ẹ̀fọ́ eléwé ni ó sì ń fà wọ́n jù. Ẹ má ṣe fi gbin ohun jíjẹ. Ẹ lè fi gbin òdòdó sínú ìkòkò lójúde, tí ọmọdé kò bá ní fi ṣeré.

Bí èyí tí ọkọ yín rà bá mọ́, tí kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀, ó ṣì yẹ kí ẹ dán an wò. Ẹ gbin èso ẹ̀wà mẹ́rin sínú agolo tí ẹ bu ilẹ̀dú náà sí, kí ẹ gbin mẹ́rin sínú agolo mìíràn tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín wà, kí ẹ máa bomi rin wọ́n bákan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Bí ewé ti inú ilẹ̀dú bá ń ká kò tàbí tí ó ń lọ́, oògùn apakoríko lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fà wọ́n tu jẹ́jẹ́, kí ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò wọn, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Ẹ máa rí àwọn kókó kéékèèké. Àwọn tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, tí ó máa ń já bọ́ bí ẹ bá fi ìka pá wọn, tí inú wọn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ bá là wọ́n, tiwa ni. Àwọn ni ẹ̀wà fi ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ bá wú ní kókó-kókó, tí kókó náà kò sì ṣeé já láìjá gbòǹgbò, aràn ilẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ti wà nínú ilẹ̀dú náà. Ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, ilá àti ewédú kì í bá a gbé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó dé orí ebè yín.

Ajílẹ̀ olómi inú ìgò kò lè tún ilẹ̀ líle ṣe, nítorí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tí yóò di ara ilẹ̀. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ìgbẹ́ adìyẹ.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ fèsì:

Ọmọ mi, nígbà tí o bá ti ro ebè tán, fi koríko gbígbẹ tín-ínrín bo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀fọ́ bá ti hù, kí ọ̀wààrà òjò má baà tún lù ú pa, kí ó sì lè di omi mú nígbà tí òjò bá dá lóṣù Ògún. Ata rodo kì í fẹ́ kánjú, nítorí náà gbin èso rẹ̀ sínú agolo láti ìsinsìnyí, kí o sẹ́ ajílẹ̀ jíjiná kí ó kúnná kí o tó lò ó fún un.

Mo gbàgbé láti béèrè bóyá kànga wà nínú ọgbà yín. Bí ó bá wà, apá ìsàlẹ̀ ni kí òkìtì ìgbẹ́ wà, kí ó jìnnà sí kànga bí ààyè bá ṣe gbà á tó, kí omi rẹ̀ má baà ṣàn lọ síbẹ̀. Bí ẹ̀yìnkùlé yín kò bá gbà á, bẹ aládùúgbò tí ó ní kí o lo ìgbẹ́ adìyẹ yẹn pé kí ó fún ọ ní ààyè díẹ̀ ní tirẹ̀.